Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Àbíjàn

Òórùn ẹja yíyan, ẹrẹ̀ ọ̀sà àti epo ẹ̀rọ láǹṣì ló máa ń kí ènìyàn ní èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú, láràárọ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Òun ló kí mi ní ọjọ́ tí wọ́n mú mi wá sílé ọkọ láti Ẹ̀pẹ́. Gèlè mi ti rẹ fún omi, èébì ń gbé mi, mo sì ń ronú bí n ó ṣe gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ láìṣubú lójú àwọn àna mi. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun báláú bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká sòkòtò sókè, ó wọnú omi títí dé orúnkún, ó sì gbé àpótí mi lérí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, àkọ́bí ìyá wọn. Télọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí náà gúnlẹ̀, wọ́n fa áńkáṣì yọ, wọ́n nu ẹsẹ̀ wọn gbẹ láàárín ìka kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tún wọ bàtà, nínú gbogbo ẹrẹ̀ yẹn o! Mo rẹ́rìn-ín sábẹ́ ìborùn mi. Mo ní, "Afínjú nìyí."

Bí mo ṣe sọ wọ́n lórúkọ nìyẹn. N kò ní máa ṣàlàyé àṣà wa fún ìwọ tí a jọ dàgbà, ṣùgbọ́n o mọ bí ìyá mi ṣe rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ìyá mi fa etí mi méjèèjì, wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni tí o bá bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ gbé orúkọ rẹ̀. Tí o bá pè é, èmi ni wọ́n máa sọ pé n kò kọ́ ọmọ." Mo gbà. Nígbà tí oṣù yóò fi parí, gbogbo ilé ni mo ti fún lórúkọ. Àbúrò ọkọ mi tó pupa di Apọ́nbéporẹ́, èyí tí kì í dákẹ́ di Ọlọ́rọ̀-ń-bẹ. Àkọ́bí ilé di Bọ̀ọ̀dá Afínjú. Àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn mi náà gba orúkọ yẹn lẹ́nu mi, wọ́n ń pè é. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti di ọmọ ilé.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Afínjú gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n lọ sí Àbíjàn, nítorí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ télọ̀ ń mówó wá lọ́hùn-ún. Èmi tí mo ka ìwé dé Sítáńdáàdì Mẹ́rin ni ìyá ọkọ mi ń lò láti fi kọ̀wé sí wọn. Ìyá á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa sọ, èmi á máa kọ. Òkè lẹ́tà ni mo máa ń kọ "Sí Bọ̀ọ̀dá Afínjú" sí, n ó wá kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù ará Ìkòròdú kan tó wà lọ́hùn-ún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹyọ kan kò sọnù rí nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn. Fi ìyẹn sọ́kàn kí o tó dá mi lẹ́bi.

Àbúrò ìyá ọkọ mi kan wà ní Akra, ní ilẹ̀ Góòlù Kóòsì ayé ìgbà náà, tó ń ta abọ́ tánganran. Ó ti pẹ́ tó ti ń ránṣẹ́ pé kí ẹ̀gbọ́n òun wá kí òun. Nígbà tí Ìyá gbà láti lọ, ọkọ mi, tí kò lè fi oko rẹ̀ ní Ìmọ̀tà sílẹ̀, ní kí n tẹ̀lé wọn nítorí èdè òyìnbó díẹ̀ tó wà lẹ́nu mi. A wọkọ̀ òkun dé Takoradí, a wọ lọ́rì dé Akra. Gbígbádùn la wá gbádùn ara wa. Àwa méjèèjì ń jẹ kẹ́ńkẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín, Ìyá ń yọ ṣùtì sí i pé kò tó ẹ̀kọ ilé, síbẹ̀ wọn kì í ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni awakọ̀ lọ́rì kan, ọmọ Yorùbá tó ń ná ọ̀nà Àbíjàn, wọlé wá. Kò jókòó. Ó ní Bọ̀ọ̀dá Afínjú ti dùbúlẹ̀ láti bí oṣù méjì, ẹsẹ̀ wọn wú, ikùn wọn wú, wọn kò lè jókòó ti ẹ̀rọ mọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìyá wọn wà ní Akra, wọ́n sunkún, wọ́n ní kí ó bẹ ìyá àwọn kí ó wá, kí àwọn fojú kàn án.

Ìyá kò sunkún. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní, "Ìyàwó, gbé mi lọ," àfi bí ẹni pé láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ni. Àbúrò wọn ló ṣàlàyé pé ilẹ̀ Faransé ni Àbíjàn, pé a ní láti gba físà ìbẹ̀wò kí á tó kọjá. Awakọ̀ náà ní òun mọ ọ̀nà igbó tí a lè gbà láìrí ọlọ́pàá kankan. Ìyá wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Èmi kì í ṣe olè. N kò ní gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ọmọ tí mo bí." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ní ọjọ́ kejì a ya fọ́tò, a mú ìwé ìrìnnà wa, a lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé ìwọlé sí ilẹ̀ Faransé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, ó ń rùn kẹrosíìnì tí wọ́n fi nù ún. Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé tó jókòó níwájú, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ kan báyìí tó ní sùúrù, fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ń fi èdè òyìnbó tọ́ mi sọ́nà láti ìlà kan dé ìkejì. Orúkọ Ìyá, orúkọ tèmi, ìlú wa, iye ọjọ́ tí a fẹ́ lò. Mo ń kọ ọ́ tagbáratagbára, èmi akọ̀wé ilé! Ó wá fi ìka lé ìlà kan. "Ẹni tí ẹ ń lọ kí. Kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé tirẹ̀."

Gègé dúró lọ́wọ́ mi. Ìyá jókòó tì mí báyìí, èjìká wọn kan tèmi. Wọ́n bi mí pé kí ni akọ̀wé wí. Mo ní ó ń béèrè ẹni tí à ń lọ kí. "Sọ fún un pé ọmọ mi ni." Kí ló dé tí n kò sọ nígbà náà pé, "Ìyá, ẹ bá mi dárúkọ wọn"? Gbólóhùn kan péré! Àmọ́ ìgbéraga wà nínú mi, mo ti ń ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀, n kò fẹ́ kí akọ̀wé rò pé ìyá arúgbó ló ń kọ́ mi. Mo tún ro ti lẹ́tà wọ̀nyẹn tí kò sọnù rí. Mo ní, ṣebí ẹnì kan náà ni? Mo kọ "Afínjú", mo fi orúkọ ìdílé wa tẹ̀lé e. Akọ̀wé bi mí bóyá orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Mo ní, "Yes, sir." Mo bu ọwọ́ lù ú.

Wọ́n ní ó ku ìwé kan, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbà wá lálejò, tí ọlọ́pàá Àbíjàn tẹ òǹtẹ̀ lù. Awakọ̀ yẹn náà ló bá wa ṣe é. Ó lọ, ó lo ọjọ́ mẹ́jọ kó tó dé, Ìyá kò sì jẹ kẹ́ńkẹ́ mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ ọ̀hún. Nígbà tó mú lẹ́tà náà dé, mo ṣí i. Orúkọ tí bàbá ọkọ mi sọ ọmọ wọn ló wà níbẹ̀, gàgàrà, òǹtẹ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe Afínjú. Síbẹ̀ mo dì í padà, mo ní Ọlọ́run á bò mí láṣìírí. Ìwọ wo irú ìwà báyìí! Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n ti sáré lọ bá akọ̀wé.

Nígbà tí a mú lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì, òyìnbó ọ̀gá wọn ló pè wá wọlé. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà síwájú, ó ń wo èyí, ó ń wo ìyẹn.

"Ta ni Afínjú?"

Mo ní ẹni tó kọ lẹ́tà ni.

"O mọ orúkọ rẹ̀ gidi?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"O wá kọ òmíràn, o sì buwọ́ lù ú pé òótọ́ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn ọmọ ọkọ. Èdè òyìnbó Sítáńdáàdì Mẹ́rin tán lẹ́nu mi láàárín ọ̀nà. Kò pariwo mọ́ mi, kò bú mi. Ó kàn fà á lé akọ̀wé lọ́wọ́ pé kí ó tẹ òǹtẹ̀ "A kò gbà á" sí i, kí a padà wá kọ òmíràn lẹ́yìn oṣù kan, nítorí ẹni tó bá purọ́ nínú fọ́ọ̀mù kì í kọ òmíràn lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ń dá ìwé ìrìnnà padà fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Màdáàmù, a ò ní kí o pe orúkọ náà. Kíkọ la ní kí o kọ ọ́."

Ha! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni o jàre. Ẹnu ni ìyá mi sọ ní Ẹ̀pẹ́, wọn kò mẹ́nu ba ọwọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta ni mo ti jẹ́wọ́ fún Ìyá. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbígbóná, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ká ní wọ́n fọ́ mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n gbé mi dìde. Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ ilé lo lò. O kò tàbùkù ọmọ mi." Títí di òní n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń yìn mí ni tàbí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún mi.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ oṣù kan náà. A kà á dé méjìlá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejìlá, awakọ̀ wa wọlé pẹ̀lú ìdì aṣọ kan, ó sì jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Àlùmọ́gàjí àti téèpù ìwọnṣọ ló wà nínú ìdì náà. Ó ní wọ́n ti sin Bọ̀ọ̀dá Afínjú kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, ní ibi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí lọ́hùn-ún. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, Bọ̀ọ̀dá ní kí wọ́n gbé àwọn jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn, kí Ìyá má bàa wọlé bá àwọn ní ìdùbúlẹ̀. Ìyá ní, "Ìnnà lílàhì," wọ́n gba àlùmọ́gàjí náà, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé.

Nígbà tí a padà sí Ìkòròdú, àwọn ènìyàn ń wá báni kẹ́dùn. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó ni Ìyá ń sọ fún. "Ìyàwó mi tí ẹ ń wò yìí, níwájú òyìnbó gan-an, kò dárúkọ ọmọ mi!" Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni mí, Ọlọ́run á fún àwọn náà nírú mi. Èmi á máa gbé omi fún wọn mu. Ó ń ṣe mí bíi kí n ju ife lulẹ̀ kí n ké. Ọkọ mi nìkan ni kò bá wọn yìn mí. Ó dúró títí ilé fi dá, ó bi mí pé, "Ká ní o kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọwọ́ rẹ ì bá gé ni?" Kò tún bi mí mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ tó bá ti jókòó. Gbogbo ìyàwó tí àwọn ọmọ mi fẹ́ wálé, mo pè wọ́n jókòó ní ọjọ́ kìíní, mo ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ mi lórúkọ tí a sọ wọ́n, àgbà àti èwe, kí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò ní mo ń ba ilé jẹ́. Kí wọ́n máa wí. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ìyàwó náà, tí ẹnu rẹ̀ mú, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ ọkọ yín?" Mo ní kó lọ wo iná tó wà nídìí ọbẹ̀.

Ọmọ náà kò purọ́ ṣáá. Wò ó, láti ìgbà tí mo ti jókòó tì ọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin tó wọnú omi gbé àpótí mi, tó ní kí wọ́n gbé òun jókòó de ìyá òun, ṣé o gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu mi?