Ilé Tí Kèké Mú

"Bẹ̀llò, bí wọ́n bá dé, má jẹ́ kí wọ́n fo ilé wa o."

Ọ̀rọ̀ tí Sarat sọ kẹ́yìn fún àbúrò rẹ̀ nìyẹn, kí ibà tó gbé e lọ.

Òun ló tọ́ Bẹ̀llò dàgbà ní Tukur-Tukur, àdúgbò kan nílẹ̀ Hausa. Yàyá ló ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Hausa yọ̀ lẹ́nu Sarat ju Yorùbá lọ, kò sì sí agboolé tí wọn kì í jẹ́ kó wọ̀. Ìyẹn ló mú kí olùkọ́ yunifásítì kan gbà á síṣẹ́ pé kó máa bá òun bi àwọn obìnrin léèrè iye ènìyàn tó wà nílé wọn. Olùkọ́ náà ò lè dé ibi gbogbo. Ó ṣẹ́ kèké, ó mú ilé kan nínú ogún. Ìṣirò ló máa fi mọ ti ìyókù. Ilé kan ń gbẹnu sọ fún ogún. Kèké mú ilé tiwọn náà.

Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí Sarat bá ní, "Ọmọ mélòó?" Ìyá Bàlíkísù ládùúgbò á ní, "Haba! Ṣé ewúrẹ́ ni mo ń sìn ni?"

Sarat á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má kà wọ́n, ìyá. Ẹ ṣáà máa pè wọ́n fún mi, látorí ẹ̀gbọ́n."

Bí ìyá bá ṣe ń pè, òun á máa fa ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fọláwùmí tí òun àti Sarat jọ ń ṣiṣẹ́ dé. Ìwé wà ní abíyá rẹ̀, kò fà á yọ.

"Allah ya jiƙanta, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Bẹ̀llò, mo lè yà sílé kejì. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ilé wa ni kèké mú, Àǹtí. Yàyá ní kí ẹ má fò ó."

"Ó dáa. Pè wọ́n."

"Sarat."

Orí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó mọ̀. Fọláwùmí ò gbé pẹ́ńsùlù, ilẹ̀ ló ń wò.

Bó bá kọ ọ́, Sarat á máa gbé nínú ogún ilé. Bí kò bá kọ ọ́, ogún ilé á di ilé ẹnìkan. Bẹ̀llò rò ó. Kò dùn ún, kò bí i nínú. Àfi bí ìgbà tí èèyàn sùn lé apá, tí apá náà kú.

"Ẹ má kọ ìyẹn," ó ní. "Bẹ̀llò."

"Àti ta?"

"Ó tán."

Fọláwùmí fa ìlà kan. Ó kí i, ó lọ.

Túwó àná ti jóná mọ́ ìkòkò. Bẹ̀llò bu iyanrìn sí i, ó jókòó lẹ́bàá kànga, ó ń ha á.