Irun Tí Wọ́n Tú Lọ́sàn-án

Lánàá, mo bá ọmọ mi wo fíìmù àwọn ará Kòríà kan, ìtàn àwọn ọba wọn àtijọ́. Wọ́n fẹ́ fún olorì kan ní májèlé mu. Ìránṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yọ ìkótí orí olorì náà, irun náà sì tú dà sí i léjìká. Ọmọ mi bú sẹ́kún.

"Mọ́mì, ṣé àánú rẹ̀ ò ṣe yín ni?"

Irun yẹn ni mò ń wò.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Òmù-Àrán la wà. Bàbá mi ń wa tánkà epo l'Ékòó, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Màmá mi di ṣùkú dè é. Òórùn àdí ṣì wà lára irun náà lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin àti ìyá àgbà méjì wọlé. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó, jókòó, ká tú irun ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í."

"Mo mọ̀. Jókòó."

Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ di èyí tó tún rẹwà jù ú lọ ni, mo bá sáré mú òòyà wá. Kò sẹ́ni tó gbà á. Màmá mi jókòó, ó kàn ń wo ilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ fún obìnrin pé ọkọ rẹ̀ ti kú nìyẹn.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòyà náà títí oòrùn fi wọ̀, kí wọ́n má baà wá a tì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún irun náà dì.