Ọkùnrin Tó Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Lé Mi Láàárín Oko Àjàrà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ara mi fún yín kí ẹlòmíràn tó bá mi ròyìn. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà tí mo fi ẹnu ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó ọmọ mi ká. Kì í ṣe ọtí ló pa mí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín oko àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Ìfura ni!

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí dọ́kítà mi ní Plano, nílùú òyìnbó níbí, ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ju bó ṣe yẹ lọ, pé kí n wá nǹkan fi ara ṣe. Ìyàwó mi ní kí n máa rìn. Mo ní rárá, ta ló fẹ́ máa rìn bí ẹni tó sọnù ládùúgbò tí kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn? Mo ra kẹ̀kẹ́. Báyìí ni mo ṣe bọ́ sáàárín àwọn ọkùnrin márùn-ún kan nínú ìjọ wa, àgbà ọkùnrin oníkùn, tí a máa ń wọ ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ra, tí a fi ń dẹ́rìn-ín pa àwọn ìyàwó wa ní gbogbo àárọ̀ Sátidé.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a máa ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, a ó wakọ̀ bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lọ síbi tí odò Pedernales ti gba àárín àwọn òkè kọjá. Oko àjàrà wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Bí ẹ bá rí ibẹ̀! Igi àjàrà tò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bí irun tí onídìrí tó mọṣẹ́ di. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán, o tún ti ń gòkè. Kò sẹ́ni tó ń mutí nínú wa, nítorí náà, bí a bá dé ilé tí wọ́n ti ń ta wáìnì, omi tútù là ń rà. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ máa ń wò wá bí ẹni tó gbé korobá lọ sódò tí kò bu omi.

Lọ́dún yìí, ọkàn mi ò sí lórí kẹ̀kẹ́ rárá. Àkọ́bí mi, Bùnmi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Irving, ti mú ọkùnrin wálé. Kọ́lá lorúkọ ọmọ náà, Allen ló ń gbé, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó kù kí àwọn òbí ẹ̀ wá fara hàn wá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí a fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìyàwó mi ní ṣé mo mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ túmọ̀ sí? Wọ́n ń wádìí wa ni. Mo ní kí wọ́n máa wádìí. Ṣé Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n fẹ́ lọ, kí wọ́n lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, kí wọ́n máa bi àwọn tó ń kọjá? Ó ní kí n ṣáà máa ṣọ́ ẹnu mi. Ní ti Bùnmi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn ni oúnjẹ ti ń kù sínú abọ́ ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mi ò rí i rí kó fẹ́ nǹkan tó báyẹn.

Ó di àárọ̀ Fráídè tí a fẹ́ gbéra. Dọ́tun, ọ̀kan lára wa tó ń gbé Irving, mú àlejò kan wá. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá lorúkọ wọn, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Ọkùnrin náà á tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. (Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní “ó”. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń rò ó lọ́kàn nìyẹn.) Kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tuntun débi pé bébà tí ilé ìtajà lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà lára ẹ̀. Akoto ẹ̀, ẹ̀yìn ló wà níwájú. Ẹni tí kò mọ ẹ̀yìn akoto yàtọ̀ síwájú, kí ló ń wá lọ sórí òkè tó ń gba ẹ̀mí lẹ́nu àwa náà?

Lówùúrọ̀ Sátidé tí a gorí kẹ̀kẹ́, ìfura mi wá lé sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń tò tẹ̀ lé ara wa nítorí àwọn ọkọ̀. Ọkùnrin yìí ò tẹ̀ lé ẹlòmíràn, èmi ló lẹ̀ mọ́. Bí mo bá dín eré kù, á dín tiẹ̀ kù. Bí mo bá sáré, màá máa gbọ́ èémí ẹ̀ hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà mi ò lókùn o! Ó ṣáà dúró tì mí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ọmọ ibo ni mí gan-an? Mo ní Ìlá. Bàbá mi ṣì wà láyé? Mo ní wọ́n ti sinmi. Èyí ò tíì burú. Nígbà tí a dé òkè kejì tí ahọ́n mi ti gbẹ, ó ní kí lorúkọ ilé bàbá màmá mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ló ń béèrè orúkọ ilé bàbá ìyá èèyàn lórí òkè? Báńkì ni! Ohun tí báńkì máa ń bi mí tí mo bá ti gbàgbé password nìyẹn. Kí n tó mí, ó tún ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wo ni mo lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ará ibi iṣẹ́ wa bí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ọ̀nà wọlé. Mo sọ fún ara mi pé lónìí, ọwọ́ mi ti tẹ olè tó wọ ṣòkòtò pénpé.

Kí lọlọ́gbọ́n máa ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kò ní sọ òótọ́ fún un. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ilé bàbá màmá mi mọ́, torí màmá mi ti sá kúrò lọ́dọ̀ bàbá mi kí n tó gbọ́njú. Ó ní háà. Bó ṣe ní háà yẹn dùn mọ́ mi nínú! Ẹ ṣáà mọ̀ mí, bí ẹnu mi bá ti rí ọ̀nà, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo ní ohun tó ń ṣe àwọn obìnrin ilé wa nìyẹn, wọn kì í pẹ́ nílé ọkọ. Mo ní àbúrò bàbá mi obìnrin ti kọ ọkọ mẹ́rin, ó ń wá ìkarùn-ún. Ó rọra bi mí bóyá ara àwọn ọkùnrin ilé wa máa ń le. Mo ní ara le, orí ni: tí wọ́n bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá igi sọ̀rọ̀. Mo yíjú sí igi àjàrà kan, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o.

Ó rọra fà sẹ́yìn. Mo gun òkè kẹta bí ọmọ ogún ọdún.

Ìgbà tó di ọ̀sán, a dúró nílé wáìnì kan tó wà lórí òkè, tí èèyàn ti lè rí odò nísàlẹ̀. Àwọn yòókù lọ ra omi. Olè mi nìkan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tẹ nǹkan sínú fóònù. Mo gba ẹ̀yìn ẹ̀ bí ẹni tó ń wá ilé ìtọ̀, mo na ọrùn. Yorùbá ló fi ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé ìyá bàbá ìyàwó sá nílé ọkọ. Ó kọ ọ́ pé obìnrin ilé wọn kì í pẹ́. Ó wá kọ ọ́ pé bàbá ìyàwó ń bá igi sọ̀rọ̀, mo fojú ara mi rí i.

Bàbá ìyàwó? Ìyàwó ta ni?

Mo yí bọ́ síwájú bẹ́ǹṣì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ jẹ́ sí Kọ́lá?”

Wọn ò gbójú sókè. “Àbúrò mi obìnrin ló bí i.”

Mo wo Dọ́tun lọ́ọ̀ọ́kán. Dọ́tun ń ka ara ike omi bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó mọ̀!

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní gbogbo ẹni tí àwọn bi léèrè nípa wa ló ń yìn wá, èèyàn ò sì lè fi ìyìn nìkan mọ ilé tí ọmọ ti wá. Ẹnì kan ló wá sọ fún wọn pé Sátidé ni wọ́n á fi rí mi, lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ra kẹ̀kẹ́ nítorí mi, torí wọ́n gbà pé ẹni tí èémí ẹ̀ ò délẹ̀ kì í ráyè parọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nínú ṣòkòtò pénpé yẹn, lójú àwọn òyìnbó tó ń mu wáìnì! Obìnrin kan sáré wá, ó ń béèrè bóyá kóun pe ambulance. Mo ní rárá, àna mi ni. Mo ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀ sà, mo rò pé ẹ fẹ́ wọ báńkì mi ni.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àbúrò àwọn ń retí ìpè kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí àwọn bá sì sọ ni ìdílé máa tẹ̀ lé. Wọ́n wá wò mí. “Ṣé kí n sọ pé orí ń dàrú nílé yín ni, àbí kí n sọ pé òpùrọ́ ni bàbá ìyàwó? Ẹ mú ọ̀kan.”

Èwo ni kí n mú? Abọ́ oúnjẹ Bùnmi ni mo ń rí. Òótọ́ wà lẹ́nu mi, kò sì wúlò mọ́, torí ẹnu kan náà ló máa gbà jáde. Mo ní ẹ pe màmá mi. Nọ́ńbà wọn rèé, ẹ fi fóònù tiyín pè wọ́n, kí ẹ tú ohùn ẹ̀ síta, mi ò ní dá sí i. Ìrọ̀lẹ́ ni nílé, mo mọ̀ pé wọ́n wà lójúfò. Ó dá mi lójú pé ìyá mi máa lé irọ́ náà wọ̀gbẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá kí ìyá mi dáadáa. Wọ́n ní àwọn ń wá ọmọ fẹ́ nílé wọn, ọmọ wọn sì sọ pé ìyá òun sá nílé ọkọ rí. Ìyá mi rẹ ohùn sílẹ̀: 

“Ta ló sọ fún un?”

Mo gbé etí sún mọ́ fóònù.

“Òótọ́ ni,” ìyá mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Oyún ẹ̀ ló wà nínú mi. Bàbá ẹ̀ gbá mi létí, mo di ẹrù mi, mo lọ bá bàbá mi. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀ mí. Ìgbà tí mo padà, kò tún dán an wò mọ́ títí ó fi kú. Bí ọmọ yín bá gbá ọmọ mi létí, òun náà á sá o. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kó tó fẹ́ ẹ.”

Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá ní, “Ẹ ṣeun, ìyá.” Wọ́n gbé fóònù sórí itan. Mi ò lè wo ojú wọn. Gbogbo ayé mi, mo rò pé bàbá mi ò gbọ́wọ́ sókè rí.

Wọ́n tún gbé fóònù náà, wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ìdílé tó mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ò ní gbà, tó sì sọ ọ́ fún àlejò láì fi bò, kì í ṣe ilé tí èèyàn ń sá fún. Wọ́n pe àbúrò wọn lójú mi. Gbólóhùn kan ni wọ́n sọ: ẹ máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí nípa ti igi. Mo ní irọ́ ni sà. Wọ́n ní àwọn á máa ṣọ́ mi.

Àwọn òbí Kọ́lá ti wá, a ti jọ jẹun, wọ́n ti mú ọjọ́. Mo sọ fún Bùnmi ohun tí ìyá mi wí. Ó gbé fóònù wọ yàrá, òun àti ìyá mi sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀ pọ́n, ó lọ gbé ìkòkò kaná. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò kù sínú abọ́ ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn ní ìwọ̀n, èmi gbé gbogbo ìgò mì lẹ́ẹ̀kan! Ohun tó tún wá ń dùn mí ni pé mo fura sí àlejò, mo gbà pé mo mọ ilé mi tán, bẹ́ẹ̀ àádọ́ta ọdún ó lé ni mo fi wà láyé láì bi ìyá mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ìgbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun. Tí ìyá tiyín bá ṣì wà, ẹ pè wọ́n kí àlejò tó pè wọ́n.

Ó kàn yín o. Báwo ni wọ́n ṣe wádìí tiyín kí ẹ tó ṣègbéyàwó, àbí ta lẹ̀yin náà ti wádìí rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Dọ́tun, ìwọ má kọ nǹkan kan, mo ṣì ń bínú sí ẹ.