Ọjọ́ tí Mo Fọ Fáàfù Bàámi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Agbowó, ohun mẹ́ta ni Màámi fi ń mọ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa: ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀, àti bí ife tó fọ̀ ṣe mọ́ tó. Ìkúnlẹ̀ kò ṣòro fún mi. Ẹnu ni kò gbọ́ràn, kò sì tíì gbọ́ràn títí dòní. Ṣùgbọ́n tó bá di ká fọ nǹkan, kò sí ọmọ tó lè bá mi du ipò kìíní ní àdúgbò wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú, àti eérú fún ìdí ìkòkò tó bá ya alágídí. Tí mo bá fọ ife tán, mo máa ń gbé e sókè nínú oòrùn kí n wò ó bóyá ojú mi hàn nínú rẹ̀. Ìgbéraga yìí ló kó bá mi.

Ṣakí ni Bàámi àti Màámi ti wá sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìjọba ni Bàámi ń ṣe, ẹ̀rọ ni wọ́n ń tún ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Tí wọ́n bá ti darí dé, tí wọ́n sì jẹun tán, yàrá kékeré tó kángun sí ilé ìdáná ni ẹ ti máa rí wọn. Rédíò ni wọ́n ń tò níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí à ń fi gbọ́ ìròyìn, èyí tí ènìyàn fi ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú ni. Ìjọba fún wọn ní ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì fi férémù gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó. Màámi máa ń rán gbogbo àlejò létí pé ìwé àṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́.

Nígbà náà, fáàfù ló ń ṣe iṣẹ́ inú rédíò. Ìgò kékeré ni, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, tí irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, tí ó sì ní ẹsẹ̀ tí a fi ń kì í bọ ihò. Tí iná bá wọ̀ ọ́, àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹyin iná. Eruku orí rẹ̀ á máa jó, òórùn rẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ ti lẹ́ẹ̀dì tí Bàámi ń yọ́ fi lẹ wáyà. Tí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ọkàn mi á balẹ̀. Ọmọ mélòó ló mọ òórùn ibi tí inú bàbá rẹ̀ ti ń dùn?

Yàrá náà ní òfin tirẹ̀. Iná inú ańpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, le ju iná ara ògiri lọ. Bàámi ní tí ọwọ́ méjèèjì bá kàn án pọ̀, àyà ni yóò gbà kọjá. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan là ń fi ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì á wà lẹ́yìn, nínú bẹ́líìtì. “Ọwọ́ kan là ń fi kí iná,” ni wọ́n máa ń wí. Ó mọ́ mi lára dé ibi pé mo dìde ka ìwé níwájú kíláàsì pẹ̀lú ọwọ́ òsì lẹ́yìn. Tíṣà wa ní kí n mú ohun tí mo fi pamọ́ wá. Mo na ọwọ́ òfìfo sí wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní kí n kúnlẹ̀ náà, nítorí pé mo ti da kíláàsì rú.

Ohun tí Bàámi ń to ańpílífáyà fún nìyí. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Alàájì Làmídì, ọmọ Ṣakí bíi tiwọn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti jọ kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn á jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ni Alàájì bá rí iṣẹ́ sí ìlú Dákà ní Sẹ̀nẹ̀gà. Inú bí Bàámi gidi. Lọ́jọ́ tí Alàájì ń lọ, gbogbo ọ̀rẹ́ ló sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Bàámi jókòó sílé, wọ́n ránṣẹ́ pé orí ń fọ́ àwọn. Orí kankan ò fọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà wá di ẹgbò sí wọn lọ́kàn. Ọdún méjì ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé lórí afẹ́fẹ́ ní aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Alàájì lágbára, ti Bàámi kò lágbára. À ń gbọ́ Alàájì ketekete. Tí Bàámi bá ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní, “Làmídì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó o lọ yẹn, jọ̀ọ́,” Alàájì á ní, “Jóṣúà, mo mọ̀ pé ìwọ ni, àmọ́ n ò gbọ́ ohun tó ò ń sọ.” Màámi ní kí wọ́n kọ lẹ́tà. Bàámi ní ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ purọ́ pé orí ń fọ́ òun, ẹnu ara rẹ̀ náà ni yóò fi bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to ańpílífáyà nìyẹn, irin kan lónìí, wáyà kan lọ́la, kí ohùn wọn lè dé Dákà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n tò ó tán ni Alàájì sọ fún wa pé òun ti rí iṣẹ́ mìíràn ní Bẹ́líjíọ̀mù. Ilé alájà ni wọ́n máa fún òun gbé, kò sì sí ibi tí òun máa ta wáyà ẹ́ríà, èyí tó ń gbé ohùn sínú afẹ́fẹ́, sí. Sátidé kan péré ló kù lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pe Bàámi sí ìpàdé ẹbí ní Ṣakí. Ọyẹ́ ti mú, eruku ti bo gbogbo nǹkan. Mo wọ yàrá wọn, mo rí páálí mílíìkì tí wọ́n kó fáàfù sí. Ó tó ọgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ti pupa bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wú u. Mo ro bí ojú Bàámi á ṣe rí tí wọ́n bá dé bá a tó ń dán. Mo bu omi sínú bàsíà, mo gbé ọṣẹ, mo gbé kànìnkàn. Àwọn mẹ́jọ tó tóbi jù, eérú ni mo fi ha tiwọn, torí àwọn ni mo fẹ́ràn jù. Mo rí lẹ́tà funfun kan tó ń bọ́ lára wọn, mo ní ìdọ̀tí náà ni. Mo sá wọn sórí tíréè. Ojú mi hàn nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ni Bàámi dé. Wọn kò pariwo. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yí i po, wọ́n mú òmíràn, wọ́n wá rọra jókòó sílẹ̀. Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí mo fọ̀ dànù ló ń sọ irú fáàfù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti ìwọ̀n iná tó ń jẹ. Láìsí wọn, ìgò lásán ló wà nílẹ̀. Màámi wò mí, wọ́n ní, “Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.” Wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kí n fi ìka kan kanlẹ̀. Mo gba ìyẹn, ara mi ti mọ ọ́n. Ti Bàámi ló dùn mí. Wọ́n kàn sọ pẹ̀lẹ́ pé, “Àbẹ̀kẹ́, má wọ yàrá yìí mọ́ títí n ó fi pè ọ́.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá pè mí pé ká lọ ṣeré tẹ́ń-tẹ̀ẹ̀n, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá náà. Mo mọ̀ pé mo ti ba ẹ̀bẹ̀ ọdún méjì jẹ́ pẹ̀lú bàsíà omi kan. Ẹ̀rù bà mí ju ti ẹgba lọ.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Bàámi ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní, “Ìwọ lo fọ̀ ọ́. Wá bá mi wá orúkọ wọn.” Wọ́n gbé fáàfù kan súnmọ́ ẹnu, wọ́n mí sí i lára, hàà. Bí èémí ṣe bo ìgò yẹn, òjìji lẹ́tà tí mo ti fọ̀ hàn fìrí, ó sì tún parẹ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mí nìyẹn. Bàámi á mí, èmi á kà, wọ́n á kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èyí tí èémí ò bá ràn lọ́wọ́, a ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó wo irin inú rẹ̀. Àkàrà tí Màámi gbé wá fún wa tutù sórí tábìlì.

Nígbà tí oòrùn kàntàrí, ó ku àwọn ńlá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Àwọn gan-an ló ń gbé ohùn rìn, méjì nínú wọn ni ańpílífáyà ń fẹ́. Èémí ò fi lẹ́tà kankan hàn lára wọn torí eérú mi. Gbogbo wọn jọra bí ìbejì, ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ irú méjì ni wọ́n. Irú kan ń jẹ iná fólítì mẹ́fà, irú kejì ń jẹ méjìlá. Oníná mẹ́fà ni Bàámi nílò, tí wọ́n bá sì ṣèèṣì fún un ní méjìlá, á jó lójú ẹsẹ̀. Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù, kò sì ní òmíràn mọ́. Bàámi fọwọ́ lérán. Ó ku ọjọ́ kan.

Ẹnu mi tí kò gbọ́ràn yìí ló là. Mo rántí bí Màámi ṣe máa ń pín ẹ̀kọ, méjì-méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èmi á jẹ tèmi tán, mo máa lọ ṣeré. Díran àbúrò mi á jẹ tirẹ̀ tán, á jókòó síbẹ̀, ara rẹ̀ á rọ̀, á máa wo ìkòkò. Mo ní, “Bàámi, tí ẹ bá fún gbogbo wọn ní oúnjẹ kékeré ńkọ́? Èyí tó bá ń ṣe bíi Díran, oúnjẹ ńlá lòun ń jẹ nìyẹn.”

Bàámi wò mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Màámi sáré wá láti ilé ìdáná. Wọ́n ní, “Ìbínú ti bò mí lójú. Ohun tí mo fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.” Wọ́n kì wọ́n bọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, iná mẹ́fà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Márùn-ún pọ́n dáadáa. Mẹ́ta kàn ń tàn bàìbàì, bí ẹni tí kò yó. Díran bínú sí mi fún oṣù kan torí pé Bàámi kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn mẹ́ta náà.

Ní ọ̀sán Sátidé, Bàámi ki méjì nínú àwọn márùn-ún bọ inú ańpílífáyà, iṣẹ́ parí, wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n ti ọwọ́ òsì bọ inú bẹ́líìtì, a sì dúró kí àwọn fáàfù gbóná. Nígbà tí aago lu mẹ́rin, wọ́n ní, “Làmídì, ṣé ò ń gbọ́ mi?”

Ariwo kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Alàájì ní, “Jóṣúà, o ti dé inú yàrá mi.”

Bàámi kò tilẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, “Lọ́jọ́ tó o lọ, orí ò fọ́ mi. Inú ló bí mi pé ò ń fi mí sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ burúkú ni mo ṣe fún ọ lọ́jọ́ náà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.” Wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ohùn tó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀ máa ń ya wọ ẹ̀rọ aládùúgbò. Ìyá Ràṣídì aránṣọ, tí ògiri wa kàn tiwọn, yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, gbogbo wa ti gbọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ti bẹ̀bẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà dáhùn.”

Bàámi gbẹ́nu kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ohùn Alàájì rọ̀ nígbà tó dé. “Jóṣúà, mo wo ẹ̀yìn títí ọkọ̀ wa fi kúrò n'Ìbàdàn. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni mo fi ń jókòó síbí ní gbogbo Sátidé, tí mò ń gbọ́ ariwo bíi ti epo tó ń dín nǹkan. Ṣé o rò pé torí epo ni mo ṣe ń jókòó?”

Bàámi fi ọwọ́ òsì nu ojú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ọwọ́ yẹn jáde kúrò lẹ́yìn wọn nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn.

Ayé ti yí báyìí. Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ring Road tí mo ti ń tún ańpílífáyà onífáàfù ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Agbowó máa ń wá kọ́ ọ lọ́wọ́ mi, inú mi sì ń dùn pé ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Bàámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ní Bódìjà ni wọ́n ń gbé. Alàájì ṣì wà ní Bẹ́líjíọ̀mù. Fóònù ti dé, wọ́n ń rí ojú ara wọn lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní ìdíwọ́ kankan mọ́. Nítorí náà, ìjà ni wọ́n ń jà. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí àwọ̀ tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn ní Ṣakí, ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ẹjọ́ ẹnì kejì sùn mí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Bàámi na fóònù wọn sí mi. Wọ́n ní, “Bá mi pè é.” Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò tíì dún dáadáa tí ojú Alàájì fi yọ, pẹ̀lú fìlà wọn àti ìgò ojú wọn.

Alàájì ní, “Jóṣúà, láti àná ni mo ti ń retí rẹ. Kí ló fa ìdádúró? Ṣé ẹ̀rọ ni?”

“Rárá,” ni Bàámi wí. “Èmi ni.”