Ọta ni Ó Wí, Ọ̀tá ni Mo Gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ilé ìwé rí, ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín ohun tí ojú mi rí. N kò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ọmọ Ìlobù ni mí. Ọmọ Ìfọ́n ni ọkọ mi, olùkọ́ bíi tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì yóò mọ ohun tí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ń gbà. Nínú ilé wa, a kì í dárúkọ ìjà náà.

Àìsàn kan wá mú ọkọ mi ní orí. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Àìsàn náà gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohùn àárín nìkan ló kù. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní àmì ohùn ni mo wá di ògbufọ̀ rẹ̀. Ta ni ó tún lè gbọ́ ọ jù mí lọ?

Dókítà ní Òṣogbo ní kí a ya àwòrán orí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí ń fi òòfà ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò fi abẹ kàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà kúnlẹ̀ kí wa. Ó ṣàlàyé pé omi inú ara wa a máa jẹ́ ìpè òòfà, pé ìyẹn ni wọ́n fi ń rí inú orí láì là á. Mo ní mo mọ̀. Ṣé èmi tí mo ti fi òòfà fa ìṣó lójú ọmọ kíláàsì ni wọn yóò kọ́?

"Bàbá, ṣé irin kankan wà lára yín?"

Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "Ọta. Ọta wà lára mi."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ṣadé, ẹ fọkàn balẹ̀. A kò ní ọ̀tá. Onígbàgbọ́ ni wá." Mo fọwọ́ sí ìwé pé kò sí irin.

Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Wọn kò tíì tì í wọ inú ẹ̀rọ náà tán tó fi kígbe, tó di ìbàdí mú. Wọ́n fà á jáde. Ẹ́síréè fi hàn wá: àfọ́kù irin, ọta ìbọn ìbílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tún gbọdọ̀ wọ inú òòfà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tú àṣírí náà. "Ìyàwó, ọjọ́ ìjà ilẹ̀ ni ìbọn bà á. Ó ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, kí o má baà máa fi ojú ẹlẹ́bi wo àwọn ará ilé bàbá rẹ."

Èmi ni ó sọ fún pé òun ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà oko. Ọdún mélòó ni mo fi fi omi gbígbóná tẹ ojú àpá náà!

Ẹ̀rọ mìíràn kò rí inú orí náà tó. Wọn kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ. A sin ín sí Ìfọ́n kí ọdún tó parí. Dókítà ní kì í ṣe ọta ló pa á. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó fi pamọ́ nítorí mi, ọjọ́ tó fẹ́ fi hàn mí ni mo ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ẹ má ṣe bá aláìsàn dáhùn. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì, kódà bí ó bá dá yín lójú pé ẹ gbọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ṣì gbọ́ lẹ́nu ẹni yín? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àmì ohùn sí i.