Tukummeq Tó Fi Ojú Dá Dókítà Lóhùn

Ní abúlé wa, ní ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Greenland, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kì í da ẹnu rẹ̀ láàmú. Á kàn gbé ìpéǹpéjú sókè, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, á yínmú, á sì fa imú fín-ín, kì í ṣe ti ẹ̀gàn rárá. Gbogbo wa là ń ṣe é, tọmọdé tàgbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Tukummeq. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, pásítọ̀ tó wá láti ọ̀nà jíjìn bi í pé ṣé yóò fẹ́ Itukusuk, ìpéǹpéjú ló gbé sókè níwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Itukusuk ní, "Èmi gbọ́ ọ." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, pásítọ̀ sì so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ Tukummeq ni láti máa tọ́jú pápá tí hẹlikópítà aláìsàn ń bà sí, pẹ̀lú yàrá kékeré tí fóònù dókítà wà. A ò ní dókítà lábúlé. Ìlú tí ilé ìwòsàn wà jìnnà, òkè yìnyín ló sì dí wa lọ́nà, nítorí náà bí àìsàn bá ki èèyàn mọ́lẹ̀, ojú sánmà nìkan la lè gbà. Tukummeq ló ń kó yìnyín kúrò ní pápá, òun ló ń ri òpó aláṣọ pupa mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló sì ń bá àwọn onílé jà pé kí wọ́n so ajá wọn mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn hẹlikópítà má baà dẹ́rù bà wọ́n. Bó bá wá di ọ̀rọ̀ fóònù, Dókítà Bent tó ti pẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú ti mọ̀wà rẹ̀. Bí dókítà bá béèrè nǹkan tí kẹ́kẹ́ sì pa, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Bó bá gbọ́ fín-ín, rárá nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń báṣẹ́ lọ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí aláìsàn tó ráhùn. Ìgbà tí Dókítà Bent fẹ̀yìn tì, tó padà sí Denmark, Dókítà Signe ló gbaṣẹ́. Kò sẹ́nì kankan tó rántí sọ fún un.

Itukusuk ti ṣaláìsí nígbà náà. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ òkú kì í wà nílẹ̀ lásán. Ọmọ tuntun là ń fún, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ẹni tó bá sì gba orúkọ ti gba àyè onítọ̀hún. Ọmọ òkú á máa pe ìkókó yẹn ní bàbá, opó á máa pè é ní ọkọ mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Itukusuk ti lọ, aboyún kan ò sí lábúlé. Tukummeq ń bu kọfí sínú ife ọkọ rẹ̀ ní àràárọ̀, ó ń wò ó títí tó fi máa tutù, á sì dà á nù. Ó ká obìnrin náà lára gan-an, kò kàn sọ ọ́ ni.

Ìgbà tí Manumina, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, wá lóyún, ayọ̀ ò jẹ́ kó sùn. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ikùn ọmọ rẹ̀, á ní, "Ṣé o ti jí?"

Avike, ọkọ Manumina, á ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń bá ikùn ìyàwó mi sọ pọ̀ ju èyí tí ẹ ti bá mi sọ látijọ́ tí mo ti mọ̀ yín."

Tukummeq á yínmú sí i. Ti ẹ̀gàn nìyẹn.

Àwọn aboyún wa kì í dúró bímọ nílé. Hẹlikópítà á ti gbé wọn lọ sí ìlú ṣáájú, wọ́n á jókòó dè é níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ti Manumina. Ọmọ inú ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní àkókò tí oòrùn wa kì í wọ̀ mọ́, Manumina di tábìlì mú, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, bí wọ́n sì ti wolẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí. Tukummeq sáré lọ sí yàrá fóònù.

Ó ní, "Dókítà, Manumina ni. Ọmọ ń bọ̀."

Dókítà Signe ní, "Kò tíì tó àkókò. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde?"

Tukummeq gbé ìpéǹpéjú sókè.

"Ṣé ojú ọjọ́ mọ́ lọ́dọ̀ yín? Ṣé hẹlikópítà máa rí ibi bà sí?"

Ó tún gbé e sókè.

"Tukummeq, ṣé kí n rán wọn báyìí?"

Èyí tó gbé sókè fún ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irun orí. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó gbá ṣọ́bìrì mú, ó forí lé pápá.

Kó tó ṣẹ́jú, abúlé ti dé bá a. Àwọn kan ń kó yìnyín, àwọn kan ń so ajá. Inaluk, aládùúgbò rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, gbé kọfí wá, ó ní òun ti ki kéèkì ìkómọ bọ inú ààrò. Ẹ̀rù ò tíì ba ẹnì kankan. Wọ́n ń ṣàwàdà pé bí Itukusuk ṣe máa ń kánjú nígbà ayé rẹ̀ náà ló tún ń kánjú bọ̀ yìí. Pápá mọ́ tónítóní. Wọ́n mu kọfí tán, wọ́n tún bu òmíràn. Hẹlikópítà ò dé. Níbi tí yìnyín ti tán tí omi òkun bẹ̀rẹ̀, kùrukùru ti ń gbéra nílẹ̀.

Inaluk ní, "Kí tiẹ̀ ni dókítà sọ?"

"Ó béèrè ọ̀rọ̀, mo dá a lóhùn."

"O dá a lóhùn pé kí ni?"

Tukummeq gbé ìpéǹpéjú sókè.

Inaluk gbé ife kalẹ̀. "Nínú fóònù, Tukummeq?"

"Dókítà Bent máa ń gbọ́."

"Dókítà Bent wà nílé rẹ̀ ní Denmark, ó ń fọmi sí òdòdó. Dókítà tuntun lo fojú dá lóhùn."

Tukummeq ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ó sáré láti pápá dé yàrá fóònù láìwẹ̀yìn, pẹ̀lú bàtà onírun tó wúwo yẹn. Fóònù ń dún bó ti ṣílẹ̀kùn. Kò mọ ìgbà tó ti ń dún.

Dókítà Signe ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ìlà já mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè rán wọn láìmọ bójú ọjọ́ ṣe rí."

"Ìlà ò já, dókítà. Èmi ni mi ò lanu." Ó mí kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú ọjọ́ mọ́, àmọ́ kùrukùru ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ rán wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Ìgbà tí a máa gbọ́ ariwo hẹlikópítà lókè, kùrukùru ti gun abúlé dé ìdajì. Manumina wà lórí ọkọ̀ tí ajá ń fà, wọ́n fi awọ bò ó, ojú rẹ̀ ti funfun, Avike di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tukummeq dúró láàárín pápá pẹ̀lú rédíò ọwọ́. Ohùn Halvor tó ń wa hẹlikópítà jáde.

"Màmá Tukummeq, funfun nìkan ni mò ń rí. Ṣé ẹ ṣì ń rí orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ìpéǹpéjú ti ń gòkè lọ nígbà tí Inaluk fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Mò ń rí i. Ṣùgbọ́n má gba apá òkun, ó ti dí pa. Apá òkè ló ṣì là. Tẹ̀lé odò tó dì, wá láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ, Màmá. Ẹ má dákẹ́."

Ṣé ẹ rí obìnrin tí wọ́n ní kó má dákẹ́ yìí? Ọ̀rọ̀ tó ti há sí i nínú látìgbà ìgbéyàwó ló tú jáde. Ó sọ ibi tí kùrukùru dé àti ibi tí kò dé. Ó sọ pé òpó tí Avike ń sá ẹja sí ti wọlé sínú kùrukùru, pé atẹ́gùn ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, pé kéèkì Inaluk ń jóná, òun ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó sọ pé ọmọ òun ni wọ́n wá gbé, òun ò ní ẹlòmíràn. Halvor kò dá a dúró. Bó ti ń béèrè ni Tukummeq ń dá a lóhùn, títí ohùn obìnrin náà fi ń há. Lójijì ohun pupa kan yọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó rọra bà sáàárín òpó mẹ́rin yẹn. Nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé Manumina wọlé, Avike bá a lọ. Kò sáyè fún ìyá. Ó tẹjú mọ́ hẹlikópítà bó ṣe ń lọ, títí kùrukùru fi bò ó.

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ti fóònù, àwa náà jókòó tì í. Kí kọfí àárọ̀ ọjọ́ kejì tó tutù, fóònù dún, yàrá kún fọ́fọ́.

"Manumina, ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé ara rẹ le?"

Kẹ́kẹ́ pa. Ojú Inaluk ṣú. Ó ní, "Ìlà ti já, tún un pè."

Tukummeq na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ìlà ò já. Ọmọ mi ni." Ó padà sí fóònù. "Ọmọ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ló wà?"

Kẹ́kẹ́ tún pa.

"Ṣé Itukusuk ni?"

Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni igbe ìkókó dún nínú fóònù, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ. Inaluk ń béèrè pé ọkùnrin ni àbí obìnrin, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọjọ́ mìíràn la tó gbọ́ pé obìnrin ni. Tukummeq fẹnu mọ́ fóònù.

Ó ní, "Ọkọ mi, kọfí rẹ wà nílẹ̀ o."

Manumina bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé inú yín dùn?"

Tukummeq fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì gbé ìpéǹpéjú sókè, ó gbé e sókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Manumina ní, "Mo gbọ́ yín."