Orúnkún Mi àti Ẹ̀yìn Àbúrò Ọkọ Mi

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò nígbà tí orúnkún mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. N kò ṣubú. Mo kàn ń gun òkè ilé wa ní Ọ̀kà, ọmọ wà lẹ́yìn mi, ló bá dà bí ẹni pé wọ́n kan ìṣó mọ́ mi nínú egungun. Ìyá ọkọ mi ní làkúrègbé ni. Ó fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ, ó ní kí n máa rìn dáadáa kí ó má baà gan. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ẹsẹ̀ tó bá ń dunni, a kì í jẹ́ kó sinmi. Mò ń gòkè, mò ń sọ̀ kalẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́, àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n ya orúnkún náà kò fi nǹkan kan hàn. Àwọn obìnrin ilé wa ní ìyàwó ń sá fún omi pípọn ni. Dókítà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orúnkún náà, ó bi mí bóyá ó máa ń dùn mí tí mo bá dùbúlẹ̀ pàápàá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní ká lọ sí Ọ̀wọ̀ fún àwòrán mìíràn, èyí tó ń wo inú egungun. Ibẹ̀ ló ti hàn. Ó fi ìka tọ́ ibì kan tó dúdú: ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, egungun ibẹ̀ ti ń kú. Tí mo bá ṣì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè wó, orúnkún á sì bàjẹ́ pátápátá. Ó fún mi ní ọ̀pá méjì tí wọ́n ń há sí abíyá rìn. Ó ní kí n má tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, kí n má ru ẹrù, kí n má pọn ọmọ.

Mo fara mọ́ ti ọ̀pá. Ti ọmọ ló pa mí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló gbà á pọ̀n. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bá a nínú ilé ni, nítorí náà àǹtí ni mò ń pè é. Kò ṣẹ̀ mí. Òun ló ń gbé ọmọ wá kí n fún un lọ́yàn, tí ọmọ bá sì ti mu yó, á na ọwọ́ sí i. Mo kórìíra ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́jú yẹn. Mo kórìíra bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ síwájú, tó ń gbọn ọmọ sókè díẹ̀ kó tó so ọ̀já. Nígbà kan mo ní kó gbé e lé mi lẹ́yìn níbi tí mo jókòó sí lórí àpótí. Ọmọ dákẹ́, ó ń retí kí n rìn. N kò rìn. Ló bá figbe ta. Lójú ọmọdé, ẹ̀yìn tí kì í rìn kì í ṣe ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí ọmọ pe àǹtí ní Màmá, àǹtí bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, o gbọ́? Wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ o.”

Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Tipẹ́ ni dókítà ti ń sọ fún mi pé àwọn lè lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú egungun náà, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè rí ọ̀nà wọ ibẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì wó. Ẹ̀rù bà mí, mo kọ̀. Ìrora kò mú mi gbà. Owú ló mú mi gbà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ya àwòrán mìíràn tí dókítà fi ní egungun ti ń sàn, pé mo lè pọn ọmọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí n ṣáà má pọ̀n ọ́n gun òkè. Bí mo ṣe délé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kí àǹtí gbé e wá. Ó gbé e lé mi, ó bá mi so ọ̀já. Ọmọ yíjú wá a, ó ń sunkún, ó ń na ọwọ́ sí i. Ojú tì mí níwájú ìyá ọkọ mi.

Àǹtí ò gbà á. Ó ní, “Máa rìn, ìyàwó. Tó bá ṣì ń rí mi, kò ní dákẹ́.” Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Mo rọra ń rìn yí àgbàlá ká títí ọmọ fi fi orí tì mí lẹ́yìn, tó sùn. Bí mo ṣe kọjá lẹ́bàá fèrèsé, mo gbọ́ tí àǹtí ń fọn imú nínú yàrá. Ó yẹ kí n pè é jáde. N kò pè é. Mo tún àgbàlá yí ká.